Ṣé lóòótọ́ ni ìṣàn omi òkun gúúsù ti pẹ̀yìn dà? Ohun tí àwọn ẹ̀rọ aléfòó ń gbé bọ̀ láti abẹ́ yìnyín

Láti oṣù keje ọdún 2025 ni ìròyìn kan ti ń fò láti orí Facebook bọ́ sórí WhatsApp. Wọ́n ní ìṣàn omi tó yí ilẹ̀ Antarctica ká ti pẹ̀yìn dà, pé omi tó ń lọ síhìn-ín tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sọ́hùn-ún báyìí, àti pé ayé kò ní pẹ́ dàrú. Àwọn kan ṣe fídíò lé e lórí, wọ́n fi orin ìbẹ̀rù sí i nídìí. Àwọn mìíràn ní irọ́ pátápátá ni, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kàn ń fi wá owó ni. Ìwádìí kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ìwádìí ọ̀hún sọ kọ́ ni àwọn èèyàn ń pín kiri. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi wọn omi, àti ibi tí agbára irinṣẹ́ náà mọ.

## Kí ni wọ́n kéde, kí sì ni ìwé ìwádìí sọ?

Ní ìparí oṣù kẹfà 2025 ni ìwé ìròyìn ìmọ̀ PNAS ti Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ náà jáde. Alessandro Silvano ti Yunifásítì Southampton ló ṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Àwọn onímọ̀ láti Barcelona wà lára wọn, nítorí àwọn ló mọwọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí sátẹ́láìtì SMOS ti ilẹ̀ Yúróòpù ń rí. Sátẹ́láìtì yìí ń yí ayé po, ó ń gba ìtànṣán tó ń jáde láti ojú òkun, ìtànṣán yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ bí iyọ̀ ojú omi ṣe pọ̀ tó.

Láti àwọn ọdún 1980 ni iyọ̀ ojú òkun gúúsù ti ń dín kù. Ohun tí àwọn onímọ̀ retí ni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ, nítorí yìnyín ilẹ̀ Antarctica ń yọ́, òjò ibẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ó wá di nǹkan bí ọdún 2015, iyọ̀ ojú omi ní ìsàlẹ̀ ìlà ìwọ̀n 50 gúúsù (latitude) bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Láàárín ìgbà kan náà, yìnyín tó máa ń dì sórí òkun yẹn dín kù gan-an. Èyí tó sọnù fẹ̀ tó ilẹ̀ Greenland.

Ní ìpẹ̀kun ayé, iyọ̀ ló ń pinnu omi tó máa wà lókè àti èyí tó máa wà nísàlẹ̀, ju ooru lọ. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré fúyẹ́. Ó máa ń tẹ́ sójú òkun bí ọmọrí tó dé ìkòkò, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì níyọ̀ á wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ooru rẹ̀ kò ti lè ba yìnyín jẹ́. Bí iyọ̀ òkè bá wá pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ àárín omi méjèèjì á dín kù, ooru ìsàlẹ̀ á rí ọ̀nà gòkè, yìnyín á sì máa yọ́ láti abẹ́. Ohun tí ìwé náà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ nìyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Níbo wá ni "pípẹ̀yìn dà" ti wọlé? Inú ìkéde tí wọ́n kọ fún àwọn oníròyìn ní Barcelona ni. Àkọlé rẹ̀ sọ pé wọ́n ti rí ìpẹ̀yìndà ńlá nínú ìṣàn òkun gúúsù, ẹni tó bá sì kà á kò jẹ̀bi bó bá gbà pé omi gan-an ló yíjú padà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìwádìí, kò sí ìṣàn kankan tí wọ́n wọ̀n tí wọ́n rí i pé ó ti pẹ̀yìn dà. Ohun tó yí padà ni ọ̀rọ̀ iyọ̀: ó ń dín kù tẹ́lẹ̀, ó wá ń pọ̀ sí i. Wọ́n tún ìkéde náà ṣe lẹ́yìn náà, àmọ́ ta ló ń pín àtúnṣe lórí WhatsApp?

Ohun kan tún wà. Ojú sátẹ́láìtì SMOS kò wọ inú omi ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí omi ń lọ ní ìsàlẹ̀ 1,000 mítà ní láti rán nǹkan sísàlẹ̀ tí yóò bá omi rìn.

## Ìṣàn wo gan-an là ń sọ?

Ìṣàn mẹ́ta ló dàpọ̀ mọ́ra nínú ìròyìn tó ń lọ, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìṣàn tó yí Antarctica po ni èyí tí àwọn èèyàn ń dárúkọ jù. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, kò sí ilẹ̀ tó dí i lọ́nà, ìdí nìyẹn tó fi ń yí ayé po láìdúró. Ibi tó ti há jù ni ọ̀nà omi Drake, láàárín Gúúsù Amẹ́ríkà àti Antarctica. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá tó mílíọ̀nù 173 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo odò ayé, Odò Ọya, Nile, Amazon àti ìyókù wọn, bí a bá da gbogbo wọn pọ̀, wọn kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Atẹ́gùn líle tó ń fẹ́ níbẹ̀ ló ń tì í. Bí ìṣàn yìí bá pẹ̀yìn dà lóòótọ́, atẹ́gùn gúúsù ti ní láti dàrú kọ́kọ́, kò sì ní sí atukọ̀ kan tó máa gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní mọ̀.

Èkejì ni ìṣàn tó ń ti òkè lọ sísàlẹ̀. Bí omi òkun bá ń dì ní etí Antarctica, yìnyín kì í gba iyọ̀ púpọ̀ mọ́ra. Iyọ̀ náà á ṣẹ́ kù sínú omi tí kò tíì dì, omi ọ̀hún á wúwo, á sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Láti ibẹ̀ ló ti ń rọra tàn lọ sí àríwá, títí tó fi kọjá agbedeméjì ayé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní AMOC, ní òkun Àtìláńtíìkì: omi gbígbóná ń lọ sí àríwá lójú òkun, ó ń tutù lẹ́bàá Greenland, ó ń rì, ó sì ń padà bọ̀ sí gúúsù nísàlẹ̀. Àwọn oníròyìn sábà máa ń pe èyí ní Gulf Stream, ṣùgbọ́n Gulf Stream jẹ́ ìṣàn ojú òkun tí atẹ́gùn ń tì fún apá tó pọ̀ jù. Bí AMOC tilẹ̀ dákẹ́, Gulf Stream kò ní ṣaláìsí níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ tí ayé sì ń yí.

Ní àríwá, ìyẹn òkun Arctic, méjì ló yẹ ká mọ̀: ìṣàn tó gba àárín ìpẹ̀kun ayé kọjá láti etí Siberia sí Greenland, àti àgbáàrá Beaufort tó ń yí po ní òkè Alaska àti Kánádà, tó sì ń kó omi aláìníyọ̀ jọ.

## Báwo lèèyàn ṣe kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ń lọ lábẹ́ yìnyín?

Àdánù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní 1881, yìnyín fọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeannette ní àríwá Siberia. Ní 1884, wọ́n rí ẹrù inú ọkọ̀ náà ní etíkun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Greenland, ní òdìkejì ìpẹ̀kun ayé. Henrik Mohn, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Norway, ní a jẹ́ pé ìṣàn kan ló gbé e la àárín òkun yìnyín kọjá.

Fridtjof Nansen gbọ́ èyí, ó ní òun yóò fi ọkọ̀ àti ara òun dán an wò. Colin Archer kan ọkọ̀ Fram fún un, ó ṣe ara rẹ̀ ní roboto kí yìnyín lè máa gbé e sókè dípò kó fún un fọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1893, Nansen mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí omi dì mọ́ ọkọ̀ náà. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ìgbà yẹn ní kò ní bọ̀. Oṣù kẹjọ 1896 ni Fram já jáde lẹ́bàá Svalbard, kò fọ́, kò rì. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ọkọ̀ odindi ló ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kékeré ń ṣe lónìí.

Lójú ọ̀nà yẹn ni Nansen ti kíyè sí i pé yìnyín kì í lọ tààrà síbi tí atẹ́gùn kọjú sí. Ó máa ń yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Vagn Walfrid Ekman ti Sweden ló ṣírò ìdí rẹ̀: yíyí tí ayé ń yí ló ń fà á, bí a bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ omi tó ni omi ń yà sí i tó. Títí dòní, ìṣirò Ekman ṣì wúlò fún ẹni tó bá ń ka bí atẹ́gùn ṣe ń gbé nǹkan lójú omi.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé Nansen. Ní 1937, àwọn ará Soviet mẹ́rin tí Ivan Papanin ṣáájú pàgọ́ sórí yìnyín lẹ́bàá ìpẹ̀kun àríwá, yìnyín sì gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ Greenland kí ọkọ̀ tó lọ kó wọn ní oṣù kejì 1938. Láti ìparí 2019 sí 2020, ọkọ̀ Polarstern ti Jámánì tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bí 20 sì ń pààrọ̀ ara wọn lórí rẹ̀.

Ojú omi ni gbogbo ìwọ̀nyí wà. Ẹni tó kọ́kọ́ rán nǹkan sísàlẹ̀ tó sì rí i lò ni John Swallow, ará Britain, ní 1955. Páìpù alumíníọ̀mù tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń ṣe àkàsọ̀ ló lò. Ó ṣe ìwọ̀n rẹ̀ kó wúwo ju omi òkè, kó sì fúyẹ́ ju omi ìsàlẹ̀, kó lè dúró ságbedeméjì. Ó fi ohun tó ń dún sí i lára kí ọkọ̀ lè máa gbọ́ ọ láti òkè. Àwọn onímọ̀ ti rò pé omi ìsàlẹ̀ òkun kàn ń rọra fà lọ ni. Nígbà tí wọ́n lo irinṣẹ́ Swallow fún iṣẹ́ ńlá ní òkun Àtìláńtíìkì lẹ́yìn náà, wọ́n bá a pé ó ń sáré kiri, ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún.

## Kí ni Argo, báwo ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ètò Argo ló gba ipò Swallow lọ́jọ́ òní. Nǹkan bí ọdún 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2007, ẹ̀rọ rẹ̀ pé 3,000 lórí òkun. Lónìí wọ́n tó 4,000, àwọn orílẹ̀-èdè bí 30 ló sì ń pawọ́ pọ̀ rà wọ́n. Iye ọ̀kan lè tó 20,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, oúnjẹ inú omi àti bí omi ṣe kan sí wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po.

Ẹ̀rọ náà rí gbọọrọ, èèyàn méjì lè gbé e. Epo díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àpò rọ́bà kan sì wà nídìí rẹ̀ lóde. Bó bá ti epo sínú àpò náà, ara rẹ̀ á fẹ̀ díẹ̀, á fúyẹ́ ju omi lọ, á gòkè. Bó bá fa epo padà sínú, á rì. Kò ní àjẹ̀, kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń tì í síwájú. Ibi tí omi bá ń lọ ló ń bá a lọ. Àìlágbára yìí gan-an ló mú kó wúlò, nítorí bó bá lè wakọ̀ ara rẹ̀, kò ní lè sọ ibi tí omi ń lọ.

Á lọ dúró ní 1,000 mítà, á máa bá omi rìn fún nǹkan bí ọjọ́ 9. Lẹ́yìn náà á rì lọ sí 2,000 mítà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fún nǹkan bí wákàtí 6, á máa wọn ooru, iyọ̀ àti bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Bó bá yọ sókè, á fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, á sọ ibi tó wà, á sì tún rì. Ọjọ́ 10 ni ìyípo kan. Laarín wákàtí 24, ohun tó rán ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ.

Ibi tó ti rì àti ibi tó ti yọ ni wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe rìn ní 1,000 mítà. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí: bóyá ó lọ tààrà ni o, bóyá ó yí po ní ìgbà mẹ́ta kó tó débẹ̀ ni o, ẹ̀rọ yẹn nìkan kò lè sọ. Ó di kí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ jọ kí àwòrán tó hàn. Bákan náà, òkun jìn ju 2,000 mítà lọ dáadáa ní ibi tó pọ̀ jù, èyí ló sì fà á tí wọ́n fi ń ṣe àwọn tuntun tó lè dé 6,000 mítà.

## Bí yìnyín bá wá bo ojú òkun ńkọ́?

Ibí ni iṣẹ́ ti le jù. Ẹ̀rọ tó bá gòkè lọ kọ lu yìnyín lè fọ́, eriali rẹ̀ lè kán, bí kò bá sì rí ojú ọ̀run, kò lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fi ń sá fún òkun tó ń dì.

Àwọn ará ilé ìwádìí Alfred Wegener ní Jámánì ló wá fún ẹ̀rọ náà ní ọgbọ́n. Bó bá ti ń sún mọ́ òkè, á wo bí omi tó wà láàárín 50 sí 20 mítà ṣe tutù tó. Bí òtútù rẹ̀ bá ti sún mọ́ ibi tí omi òkun ti ń dì, ní nǹkan bí −1.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á gbà pé yìnyín ń bẹ lókè, á pẹ̀yìn dà, á sì tọ́jú ohun tó wọ̀n títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ tí ojú òkun bá là. Ìṣòro tó ṣẹ́ kù ni pé fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ní òkun Weddell, wọ́n so àwọn ẹ̀rọ tó ń dún mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, aléfòó á máa fetí sí wọn, á sì kọ àkókò tí ìró kọ̀ọ̀kan dé sílẹ̀. Nítorí pé a mọ bí ìró ṣe ń yára tó nínú omi, nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n lè padà ṣírò ọ̀nà tó tọ̀.

Ní òpin 2025, ìtàn ẹ̀rọ kan gba orí ìròyìn ní Ọsirélíà. Àwọn onímọ̀ CSIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ibẹ̀, tí Steve Rintoul ṣáájú wọn, ti fi í sómi kó lè wọn omi iwájú odò yìnyín Totten ní ìlà-oòrùn Antarctica. Omi gbé e lọ síbòmíràn. Ó wọ abẹ́ pèpéle yìnyín Denman àti Shackleton, ìyẹn yìnyín nínípọn tó ti orí ilẹ̀ nà jáde sórí òkun, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 8 láìsí ẹni tó gbúròó rẹ̀. Nígbà tó fi máa jáde, ó ti kó ìwọ̀n jọ lábẹ́ ibi tí ọkọ̀ kankan kò lè dé. Gbogbo èyí tó kó jọ láàárín ọdún méjì àbọ̀ sún mọ́ 200.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń dún lágbègbè yẹn, báwo ni wọ́n ṣe mọ ọ̀nà tó gbà? Ìgbàkígbà tó bá gòkè, orí rẹ̀ á kan abẹ́ yìnyín, á sì kọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó sílẹ̀. Sátẹ́láìtì ti ya bí yìnyín náà ṣe nípọn tó. Wọ́n fi èkíní wé èkejì, ọ̀nà sì hàn. Ohun tó sọ fún wọn ni pé omi gbígbóná kò tíì dé abẹ́ Shackleton, ṣùgbọ́n ó ti ń dé abẹ́ Denman. Yìnyín tí Denman dì mú tó láti gbé ojú òkun ayé sókè ní nǹkan bí mítà kan àbọ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́. Ti Totten lé ní mítà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ pé èyí máa ṣẹlẹ̀ lọ́la o. Irú yíyọ́ bẹ́ẹ̀ á gba ọ̀pọ̀ ìran.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pàápàá ní Arctic tí yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ là. Níbẹ̀, wọ́n á lu yìnyín, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n á sì ju okùn irin tó lè gùn tó 800 mítà sínú omi láti ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa gùn ún lọ gùn ún bọ̀, á máa wọn omi. Ilé ìwádìí Woods Hole ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe èyí láti 2004. Ètò mìíràn ti ń tọpa yìnyín ojú òkun Arctic fúnra rẹ̀ láti 1979. Ní gúúsù, wọ́n tilẹ̀ ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ orí ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní síìlì; òun ń wá oúnjẹ tirẹ̀ kiri lábẹ́ yìnyín, ó ń bá wọn wọn omi. Nígbà tí ihò ńlá kan là sáàárín yìnyín òkun Weddell ní 2016 àti 2017, àwọn síìlì àti aléfòó ni wọ́n fi mọ ohun tó fà á.

## Kí làwọn onímọ̀ gan-an ń jiyàn lé lórí?

Kò sí ìwọ̀n kankan tó fi hàn pé ìṣàn gúúsù ti pẹ̀yìn dà. Àríyànjiyàn wọn wà lórí bí nǹkan ṣe ń yára yí padà, àti bóyá ìwọ̀n tó wà nílẹ̀ ti gùn tó láti fi dájọ́.

Ẹ wo ìṣàn tó yí Antarctica po. Ní 2021, iṣẹ́ kan tó lo Argo àti sátẹ́láìtì sọ pé ó ń yára sí i, nítorí ooru tí òkun ń gbà mọ́ra. Ní 2025, iṣẹ́ kan láti Yunifásítì Melbourne sọ pé ó lè dín ní nǹkan bí 20% títí di 2050 bí èéfín ayé bá ń pọ̀ lọ. Ó dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn, àbí? Èkíní ń sọ ohun tí wọ́n ti wọ̀n. Èkejì ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà ṣírò nípa ọjọ́ iwájú, nígbà tí omi yìnyín bá ti pọ̀ nínú òkun. Àwọn méjèèjì lè jóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti AMOC ló le jù. Ní 2023, Peter àti Susanne Ditlevsen ní Denmark tẹ ìṣirò kan jáde pé ó lè wó láàárín 2025 sí 2095, ó sì ṣeé ṣe jù ní agbedeméjì ọ̀rúndún yìí. Kì í ṣe ìṣàn ni wọ́n wọ̀n. Ooru ojú omi lẹ́bàá Greenland láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Àwọn alátakò wọn sọ pé ìyẹn kò tó láti fi dá ọdún. IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń yẹ ìmọ̀ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ wò, sọ ní 2021 pé yóò dín kù ní ọ̀rúndún yìí, ṣùgbọ́n pé àwọn gbà níwọ̀nba pé kò ní wó lójijì kí 2100 tó dé. Ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn onímọ̀ 44 kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọba àríwá Yúróòpù pé ewu rẹ̀ ju bí ìgbìmọ̀ náà ṣe gbé e lọ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 2025, àwọn onímọ̀ tí Jonathan Baker ti Met Office, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Britain, ṣáájú sọ pé atẹ́gùn òkun gúúsù kò ní jẹ́ kó dákẹ́ pátápátá ní ọ̀rúndún yìí.

Kí ló dé tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan? Okùn ẹ̀rọ tó ń wọn AMOC tààrà ní òkun Àtìláńtíìkì kò wà kí 2004 tó dé. Ogún ọdún àti díẹ̀ kéré fún òkun, tí ìṣàn rẹ̀ lè lọ sókè sódò fún ẹ̀wádún láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Ní ìsàlẹ̀ òkun Antarctica, ẹ̀rí ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan ní 2023 sọ pé ìṣàn ìsàlẹ̀ ní agbada òkun tó wà láàárín Ọsirélíà àti Antarctica ti dín ní nǹkan bí 30% láti àwọn ọdún 1990 títí di 2009, ọkọ̀ ìwádìí tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì pèsè ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rí náà.

## Kí ló kan ẹni tó ń gbé ní Èkó tàbí Ayétòrò?

Ohun méjì: òjò àti ojú òkun.

Bí AMOC bá rọ̀, ooru tó yẹ kó lọ sí àríwá Àtìláńtíìkì á ṣẹ́ kù sí gúúsù, àgbègbè tí òjò ilẹ̀ olóoru ti ń rọ̀ á sì sún sí gúúsù. Lórí èyí, ìṣirò kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ sún mọ́ra ju ti ọjọ́ tí AMOC máa wó lọ. Àgbègbè Sahel ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nítorí òjò tó ń ti etíkun wa wọ̀lú ni wọ́n ń retí lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ òkun olóoru yìí wà lóòótọ́: láti 1997 ni Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti so àwọn tiwọn mọ́ ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, títí wọ Ìyawọ́ Òkun Guinea, àmọ́ ojú kan ni wọ́n wà, wọn kì í bá omi rìn.

Ní ti ojú òkun, yìnyín Antarctica tó bá yọ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní nítorí Denman ni òkun ṣe ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ó ti fò lé ọ̀pọ̀ nǹkan. Iyanrìn tí ìgbì ń kó, ilẹ̀ tó ń rì, àti iṣẹ́ epo wà nínú ẹjọ́ yẹn pẹ̀lú. Òkun tó ń ga sí i ń mú gbogbo wọn le sí i ni.

## Ta ló ń sanwó, ta ló sì ni omi tí ẹ̀rọ bá wọ̀?

Amẹ́ríkà ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì àwọn ẹ̀rọ Argo. Ìdí nìyẹn tí ọkàn àwọn onímọ̀ kò fi balẹ̀ nígbà tí ìjọba ibẹ̀ dábàá nínú ètò ìṣúná 2026 láti fagi lé ẹ̀ka ìwádìí ní NOAA, àjọ ibẹ̀ tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, pé kí àjọ náà gbájú mọ́ sísọ ojú ọjọ́. Àwọn tó ta kò ó ní láìsí ìwọ̀n láti inú òkun, àsọtẹ́lẹ̀ ìjì líle kò ní dára.

Ti ààlà ńkọ́? Òfin òkun fún orílẹ̀-èdè etíkun ní ẹ̀tọ́ lórí ìwádìí tí wọ́n bá ṣe nínú omi tó tó máìlì òkun 200 sí etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń léfòó kò mọ ààlà. Ní 1999, àjọ UNESCO tó ń rí sí òkun fẹnu kò pé kí wọ́n máa sọ fún orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ bá lè wọ omi rẹ̀ ṣáájú. Èyí tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù pé ohun tí ẹ̀rọ bá kọ sílẹ̀ lè wúlò fún ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, nítorí ooru àti iyọ̀ ló ń pinnu bí ìró ṣe ń rìn lábẹ́ òkun. Ní Arctic, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i láti 2022, nígbà tí ogun Ukraine dá àjọṣepọ̀ pẹ̀lú Rọ́ṣíà dúró, ẹni tó ni nǹkan bí ìdajì etíkun ibẹ̀.

Àwọn mìíràn ń béèrè nípa ìdọ̀tí: bátìrì tó bá tán, ẹ̀rọ á rì, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni wọn kì í lọ kó. Èsì àwọn alákòóso Argo ni pé ohun tó ń rì kéré púpọ̀ sí ìdọ̀tí tó ń wọ òkun láti ibòmíràn, àti pé epo tí ọkọ̀ máa jó láti lọ wá ọ̀kan kó máa ba nǹkan jẹ́ ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní OneArgo ń fẹ́ ẹ̀rọ 4,700: 1,200 tí yóò máa dé ìsàlẹ̀ pátápátá, 1,000 tí yóò máa wọn ọ́síjìn àti ohun ẹlẹ́mìí inú omi, kí ìyókù máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe. Owó rẹ̀ kò tíì pé. Nínú àwòrán ibi tí ẹ̀rọ wà lórí òkun ayé báyìí, òkun Arctic ló ṣófo jù, abẹ́ àwọn pèpéle yìnyín Antarctica sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹyọ kan.